Ọ̀rọ̀ orin The Clash: kí la gbọ́, kí ni wọ́n wí gan-an?

ỌmọÌtòkò
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mélòó kan ní Abẹ́òkúta fẹ́ jókòó gbọ́ London Calling, àwo The Clash, ẹgbẹ́ olórin pọ́ńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti orí orin àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, ní Sátidé kan ní Òkè-Ìléwó. A fẹ́ tẹ ìwé pélébé tí yóò máa ṣàlàyé orin kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá. Ibi mẹ́ta la ti rí ọ̀rọ̀ orin náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì bára mu. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Báwo la ṣe ń mọ ohun tí Joe Strummer, akọrin wọn, wí gan-an? Ṣé lóòótọ́ ni pé rògbòdìyàn Brixton, àdúgbò kan ní London, ni orin The Guns of Brixton ń sọ? A sì fẹ́ fi White Riot, orin wọn mìíràn, kún un, àmọ́ ẹnì kan láàárín wa ní orin ìkórìíra ẹ̀yà ni, pé ká yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Sápọ́n
Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni kí n mú.

Ẹ má ka ọ̀rọ̀ orin kankan kí ẹ tó gbọ́ ọ. Ohun tí ojú bá ti kà ni etí yóò máa gbọ́, kódà bí kò bá sí níbẹ̀. Bí àṣìṣe kan ṣe ń ràn kálẹ̀ nìyẹn: ẹnì kan ṣì í gbọ́, ó gbé e sórí ayélujára, àwọn ojúlé yòókù dà á kọ láì gbọ́ orin rárá.

Ẹ wá fáìlì tó dára. MP3 tí wọ́n fún pọ̀ dé 128 kbps máa ń ba ìró s, t àti f jẹ́, bẹ́ẹ̀ ìró wọ̀nyẹn gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Strummer fúnra rẹ̀ a máa gbé ìparí ọ̀rọ̀ mì, nítorí náà ìwọ̀nba tó kù nínú fáìlì ò gbọdọ̀ tún sọnù. FLAC (fáìlì tí kò sọ ìró kankan nù) tàbí CD ló dára jù. Bí MP3 bá sì ni dandan, ẹ mú ti 320.

Ẹ ṣí i nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan ìlà kan péré, bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Change Tempo ni kí ẹ lò, ẹ kọ -25 síbẹ̀. Ẹ má lo Change Speed, torí ìyẹn á fa ohùn wálẹ̀, ohùn á ki, kọ́ńsónáǹtì á pòórá. Bí ẹ bá sì fà á kọjá -35, ohùn á máa gbọ̀n bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí Filter Curve EQ: ohun tó bá wà lábẹ́ 150 Hz, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, láti 1,500 dé 4,000 Hz, ẹ gbé e sókè ní 5 dB. Ibẹ̀ ni kọ́ńsónáǹtì ń gbé. Béèsì àti ìlù ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè fi VLC orí fóònù rẹ̀ dín eré orin kù sí 0.75, ó tó fún ọ̀pọ̀ ìlà.

Ẹ fi íàpíìsì gbọ́ ọ, etí òsì nìkan, lẹ́yìn náà ọ̀tún nìkan. Ohùn aṣíwájú sábà máa ń wà láàárín, àmọ́ gìtá àti ègbè lè wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá pa ẹ̀gbẹ́ tí gìtá wà, ọ̀rọ̀ á jáde.

Kí ẹni mẹ́ta kọ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má yọjú wo ti ẹnìkejì. Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti ṣe déédéé, ẹ gbà á. Ibi tí wọn ò bá ti ṣe déédéé, ẹ fi àlàfo sílẹ̀, kí ẹ wá lọ wo àpò inú páálí àwo àtijọ́, torí wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ àwọn orin náà síbẹ̀. Bí ohun tí wọ́n fi ọwọ́ kọ bá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n fi ẹnu kọ, ti ẹnu ni kí ẹ tẹ̀lé, kí ẹ sì sọ nínú ìwé yín pé ìyàtọ̀ wà. Ẹ ṣọ́ra fún orin orí ìtàgé pẹ̀lú. Strummer a máa pa ọ̀rọ̀ dà lójú agbo, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fi ti ìtàgé jiyàn lórí ti àwo.

Ohun kan ṣì wà. Ẹ má tẹ odindi ọ̀rọ̀ orin sínú ìwé náà, ó ní ẹni tó ni ín. Àlàyé tiyín ní Yorùbá ni kí ẹ tẹ̀.

GítàKútọ̀
Lórí Guns of Brixton: rárá o. Ọdún nìkan ti tó láti fi já irọ́ yẹn. 14 Oṣù Kejìlá 1979 ni London Calling jáde. Rògbòdìyàn Brixton tí gbogbo ayé mọ̀, Oṣù Kẹrin 1981 ni. Wọn kì í kọrin arò sílẹ̀ de ẹni tí kò tíì kú.

Ohun tó wà nílẹ̀ nígbà tí Paul Simonon, ẹni tó ń ta béèsì nínú ẹgbẹ́ náà, kọ ọ́ ni ìnira tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní «sus», láti inú òfin 1824 ló ti wá, tó gba ọlọ́pàá láyè láti mú ẹni tí ó bá ṣáà ti fura sí. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ló máa ń kó sí i jù. Simonon mọ Brixton láti kékeré. Òun ló kọ orin náà, òun náà ló sì fẹnu kọ ọ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò ṣíwájú ohùn nínú àwo ẹgbẹ́ wọn.

Ẹ má gbàgbé láti ṣàlàyé Ivan tí orin náà dárúkọ. Tí ẹ bá fò ó, olùgbọ́ á rò pé ọ̀rẹ́ olórin ni. Ivan ni ọ̀daràn inú fíìmù Jàmáíkà The Harder They Come, 1972, Jimmy Cliff ló kó ipa rẹ̀. Ọmọ oko tó wá di olórin nílùú ni, wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, ó wá gbé ìbọn. Ẹni tí kò mọ Ivan ò ní mọ ìdí tí orin náà fi ń béèrè bí èèyàn ṣe máa jáde nígbà tí wọ́n bá ti yí ilé rẹ̀ ká.

Ẹ má fi sípíkà fóònù tàbí ti kọ̀ǹpútà gbọ́ èyí o. Béèsì ni orin yẹn gan-an, àwọn sípíkà kéékèèké kì í sì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Ohun tó máa kù sí yín létí ni gìtá tó ń ta ṣẹ́ṣẹ́, ẹ ó wá máa rò pé orin náà gbẹ. Sípíkà tí awo rẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́jọ ó kéré tán, kí ẹ gbé e sún mọ́ ògiri, béèsì á kún sí i. Tí ẹ bá gbọ́ ọ dáadáa, ẹ ó mọ̀ pé ilé réggè ni Simonon ti kọ́ṣẹ́.

ỌmọÌtòkò
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ìwé wa ti kọ 1981 sílẹ̀, a ó pa á rẹ́. White Riot wá ńkọ́?

Àgbà Ìbarà
Ẹni tó ní kí ẹ yọ ọ́ ka àkòrí, kò gbọ́ orin.

Oṣù Kẹjọ 1976, níbi ayẹyẹ Notting Hill ní London, ọlọ́pàá àti àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú kọlu ara wọn. Strummer àti Simonon wà níbẹ̀. Orin náà jáde ní Oṣù Kẹta 1977. Ohun tó ń wí ni pé àwọn dúdú ní ìṣòro, wọ́n sì láyà láti kọ̀. Àwa òyìnbó ń lọ sí ilé ìwé níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa láti ya òmùgọ̀. Ìgbà wo ni àwa náà máa dìde? Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó bíi tirẹ̀ ló ń nà lẹ́gba ọ̀rọ̀. Kò bá aláwọ̀ dúdú jà.

Ìtumọ̀ ló máa kó yín sí wàhálà. Tí ẹ bá kọ «Rògbòdìyàn Aláwọ̀ Funfun», ohun tí ará Abẹ́òkúta máa kà níbẹ̀ ni pé òyìnbó dojú ìjà kọ dúdú. Ẹ kọ ọ́ báyìí: «Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òyìnbó, ẹ dìde tiyín.» Ìyẹn gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, àmọ́ ó tọ́.

Ohun tí àwa Ẹ̀gbá fi lè tètè lóye rẹ̀ wà nílé. Ní 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, kóra jọ sí iwájú ààfin Aké nítorí owó orí, orin ni wọ́n sì ń fi bá ọba wí. Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ orin wọn jókòó lásán lónìí láì sọ ọdún àti ohun tó bí i, èébú gbọnrangandan ló máa dà létí ọmọ tó ń gbọ́ ọ. Bákan náà ni White Riot. Ẹ sọ oṣù, ẹ sọ ibi, kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀.

Ìyá Pànṣẹ́kẹ́
Bàbá, mo gbà yín gbọ́ lórí ìtumọ̀, àmọ́ mi ò gbà pé àlàyé nìkan tó. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí The Clash fúnra wọn pé àwọn tó kórìíra dúdú gbọ́ àkòrí yẹn, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Orin tí kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, tí gìtá ń sáré, tí ọ̀rọ̀ ń fò, ta ló fẹ́ dúró gbọ́ àlàyé nígbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀? Ṣáájú ni kí ẹ ti ṣàlàyé, kì í ṣe lẹ́yìn.

Ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ gbé orin mẹ́ta tẹ̀ léra: White Riot, Police and Thieves, lẹ́yìn náà (White Man) in Hammersmith Palais. Gbogbo rẹ̀ bí ìṣẹ́jú méjìlá. Police and Thieves kì í ṣe tiwọn, ti Junior Murvin ti Jàmáíkà ni, Lee «Scratch» Perry ló bá a ṣe é ní 1976. Clash gbé e sínú àwo wọn àkọ́kọ́ ní ọdún kejì. Hammersmith Palais jáde ní 1978, ibẹ̀ sì ni Strummer ti yẹ ara rẹ̀ wò: ó lọ síbi agbo réggè, ó ń retí orin ọ̀tẹ̀, orin fàájì ló bá. Láti ibẹ̀ ó yíjú sí àwọn olórin pọ́ńkì ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jà nítorí ipò, ó ní bí Hitler bá balẹ̀ lónìí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó ńlá ni wọ́n máa fi gbé e. Ẹni tó bá gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léraléra ò ní béèrè mọ́ bóyá ẹgbẹ́ náà kórìíra dúdú. Lójú tèmi, Hammersmith Palais ló dára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ.

Àgbà Ìbarà
Ìyá, mo gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí irú àwo tí ẹ ní o. Àwo àkọ́kọ́ ti Amẹ́ríkà, 1979, yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì 1977: wọ́n yọ orin mẹ́rin, wọ́n fi márùn-ún kún un, White Riot inú rẹ̀ sì kì í ṣe èyí tó wà nínú ti London. Hammersmith Palais wà nínú ti Amẹ́ríkà, kò sí nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ló jẹ́ pé àwo méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń jà gbé lọ́wọ́.

Olùtúmọ̀ Àsẹ̀rọ̀
Ẹ jẹ́ ká wá sórí orin tó bí orúkọ àwo náà, torí ibẹ̀ ni ìwé yín máa ti kọ́kọ́ ṣìnà.

Ẹ má túmọ̀ àkòrí yẹn sí «London ń pè» bí ìgbà tí fóònù dún. Gbólóhùn rédíò ni. Bí BBC ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ìròyìn sí òkè òkun nìyẹn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn tó dàgbà sídìí asọ̀rọ̀mágbèsì máa mọ ohùn yẹn lójú ẹsẹ̀: «Èyí ni London, tí ń bá yín sọ̀rọ̀.» Tí ẹ bá mú un bẹ́ẹ̀, gbogbo orin náà á yanjú. Akéde ló jókòó, ó ń ka ìròyìn bí ayé ṣe fẹ́ parẹ́: òtútù ń bọ̀, oúnjẹ ń tán lóko, ẹ̀rọ dákẹ́, omi ń gòkè. Ohun tó sọ nípa àṣìṣe átọ́míìkì, ìjàǹbá Three Mile Island ní Pennsylvania ló wà nídìí rẹ̀, 28 Oṣù Kẹta 1979. Ìlà tó mẹ́nu ba Beatles ò bú Beatles. Àwọn tó ń wá òrìṣà olórin tuntun tí wọ́n máa bọ ló ń bá wí. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ń ṣì gbọ́ lẹ́yìn ibẹ̀ ni truncheon, kóńdó ọlọ́pàá. Bí ẹ bá pàdánù kóńdó yẹn, ìlà náà ò ní nítumọ̀.

Ẹ fetí sí ìparí orin náà nígbà tí ohùn bá ń lọ sílẹ̀. Gìtá ń ta kúkúrú mẹ́ta, gígùn mẹ́ta, kúkúrú mẹ́ta. SOS ni, igbe ẹni tó ń rì. Ẹ má pa á kó tó débẹ̀.

Ní ti pé kí ẹ kọ ọ́ lórin ní Yorùbá, mi ò gbà yín nímọ̀ràn. Orin Gẹ̀ẹ́sì lè gùnkè sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú, tiwa ò gba bẹ́ẹ̀. Akéde yẹn sọ pé ẹ̀gbẹ́ odò lòun ń gbé. Tí ohùn bá gòkè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, odò á di odó, ẹ ó wá máa kọrin pé ẹ ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n fi ń gúnyán. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré fún orin kọ̀ọ̀kan.

ỌmọÌtòkò
Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan fẹ́ ká fi Odò Ògùn rọ́pò Thames kó lè wọ àwọn ará ibí lára. Ṣé ó bójú mu?

Olùtúmọ̀ Àsẹ̀rọ̀
Kò bójú mu. Thames ni, kí ó jẹ́ Thames. Nígbà yẹn gan-an ni wọ́n ń kọ́ ìdènà omi ńlá sí Woolwich, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti 1974, kò sì tíì parí nígbà tí orin náà jáde. Ìbẹ̀rù pé omi lè bo London kì í ṣe àròsọ olórin, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni. Tí ẹ bá yí i sí Ògùn, ẹ ti sọ ìyẹn nù. Nínú àlàyé, ẹ lè sọ pé ará Lafẹ́nwá tó mọ ohun tí omi ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ṣí ìdè omi Ọ̀yán máa mọ irú ìbẹ̀rù tí ibẹ̀ ń wí. Ìyẹn tó.

GítàKútọ̀
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ẹ má gbà pé «èmi» inú orin ni ẹni tó ń kọ ọ́. Ibi tí àwọn olùfẹ́ The Clash ti ń ṣìnà jù lọ nìyí. Mick Jones, onígìtá wọn, ló ń fẹnu kọ Lost in the Supermarket, ó sì dún bí ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, àmọ́ Strummer ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Strummer fojú inú wo bí ìgbà èwe Jones ṣe rí ló fi kọ ọ́, ó sì fún un pé kó fẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́. Nínú Bankrobber, 1980, ohùn náà ní olè báńkì ni bàbá òun. Aṣojú ìjọba ni bàbá Strummer, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bí i sí Ankara ní Tọ́kì ní 1952. Awọ ìtàn ni olórin wọ̀. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa.

I Fought the Law náà, kì í ṣe tiwọn. Sonny Curtis ló kọ ọ́, Bobby Fuller Four sọ ọ́ di olókìkí ní 1966. Àmọ́ ẹ tẹ́tí sí ohun tí The Clash yí padà: níbi tí ti tẹ́lẹ̀ ti sọ pé òun fi olólùfẹ́ òun sílẹ̀, wọ́n sọ pé òun pa á. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ó sì sọ ọ̀daràn kékeré di apànìyàn.

Ìyá Pànṣẹ́kẹ́
Spanish Bombs ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Sípéènì inú rẹ̀ ń da àwọn èèyàn láàmú.

Olùtúmọ̀ Àsẹ̀rọ̀
Ó yẹ kó dà wọ́n láàmú, torí Sípéènì tó wọ́ ni. Àwọn ojúlé kan ti tún un ṣe kó lè bá gírámà mu, àwọn mìíràn kọ ọ́ bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ. Ẹ má tún un ṣe. Ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀, pé ìfẹ́ tí kò lópin ni, àti ọkàn tí kò gbàgbé, kí ẹ sì tẹ̀síwájú. Ohun tó yẹ kí ẹ lo àyè fún ni ogun abẹ́lé Sípéènì, 1936 sí 1939, àti akéwì Federico García Lorca tí wọ́n pa lẹ́bàá Granada ní 1936. Tí ẹnì kan bá tún béèrè nípa Sípéènì inú Should I Stay or Should I Go, ìyá òṣìṣẹ́ sitúdíò kan ló túmọ̀ ìyẹn fún wọn lórí fóònù.

AláàfáÌjẹmọ̀
Ẹ salaam alaykum. Èyí ò sí nínú London Calling, àmọ́ wọ́n á bi yín dandan: ṣé Rock the Casbah bú ẹ̀sìn? Kò bú u. Combat Rock ló wà, 1982. Ohun tó ń bá wí ni àwọn aláṣẹ tó fòfin de orin, bí wọ́n ṣe ṣe ní Iran lẹ́yìn 1979. Nínú ìtàn náà, ọba ní kí wọ́n ju bọ́ǹbù sí àwọn tó ń kọrin, àwọn awakọ̀ òfuurufú sì kọ̀, wọ́n yí rédíò sí orin. Àwọn ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ń fi ìwé atúmọ̀ èdè wá níbẹ̀, ẹ̀yin mọ̀ wọ́n nílé: muezzin ni ládàánì. Casbah ni odi àtijọ́ tó wà láàárín ìlú ní Áfíríkà Àríwá. Ó dunni pé ní ìgbà ogun Gulf, 1991, rédíò àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sọ orin yẹn di orin ogun, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó kọ̀ láti ju bọ́ǹbù ni akọni inú rẹ̀. Topper Headon, onílù wọn, ló hun ohùn orin náà, òun náà ló ta dùùrù, béèsì àti ìlù rẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Sápọ́n
Fún Sátidé yín: gbogbo London Calling jẹ́ bí ìṣẹ́jú 65. Ojú mẹ́rin ni àwo náà ní, orin márùn-ún, márùn-ún, mẹ́rin, márùn-ún. Ẹ dúró lẹ́yìn ojú kọ̀ọ̀kan kí ẹ jiyàn, ẹ má dúró lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan. Wọ́n to orin wọ̀nyẹn kí ọ̀kan lè ti òmíràn, Guns of Brixton sì ló parí ojú kejì, ibi tó dára láti sinmi nìyẹn. Bí iná bá lọ, kí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ilé, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ohùn rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí béèsì wà gan-an, á jẹ béèsì Simonon run. Ínfátà pẹ̀lú bátìrì dára jù.

ỌmọÌtòkò
Ẹ ṣé gan-an ni. Ìbéèrè kan ló kù: àwa ka orin 19, àmọ́ ẹ̀yìn páálí kọ 18. Èwo ló lé?

Àgbà Ìbarà
Train in Vain. Wọ́n fẹ́ fi ta ìwé ìròyìn NME lọ́rẹ tẹ́lẹ̀, ètò yẹn fọ́, wọ́n wá tì í sí ìparí àwo nígbà tí páálí ti tẹ̀ tán. Nínú ìwé yín, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà, torí gbólóhùn «train in vain» ò sí níbì kankan nínú ọ̀rọ̀ orin náà, ẹni tó bá ń wá a látinú ègbè ò ní rí i.